Ta Ló Jẹ̀bi? Ìtàn Ìkọ̀sílẹ̀ láti Mọ́níyà dé Ring Road

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn ní Ìbàdàn déédéé yóò ti rí i pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹjọ́ tọkọtaya kì í jáde níbẹ̀. "Ọkọ mi ń lù mí bí ẹni lu bàrà." "Ìyàwó mi ń yan àlè." "Kì í fún mi lówó oúnjẹ." Àwa tí à ń kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ojú ewé yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣí, kí wọ́n tó wo ohun tí ìjọba ń ṣe. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mi orí, wọ́n á wá bi ara wọn léèrè pé, ta ló wá jẹ̀bi báyìí?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lónìí. Ìdí ni pé kóòtù méjì ló wà tí ará Mọ́níyà lè gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ. Ọ̀kan wà nítòsí rẹ̀, ìyẹn kóòtù ìbílẹ̀ ti agbègbè Akínyẹlé. Èkejì wà lọ́hùn-ún ní Ring Road, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí wọ́n ṣe ń wá ẹlẹ́bi ní ọ̀kan kọ́ ni wọ́n ṣe ń wá a ní èkejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ẹni tó ń kọ ọkọ tàbí aya ló ń yan èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló ti yàn án fún un, lọ́jọ́ tí ìlù ń dún, tí ẹnikẹ́ni kò rántí kóòtù.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya kì í ṣe ti ẹni méjì péré. Ẹbí ló ń gbéyàwó fún ẹbí. Alárinà wà, ìdána wà, owó orí wà, àgbà ilé ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ bí nǹkan bá dàrú. Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ gidi ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín wa. Ó ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú un wá. Kí ìyàwó bá ìbátan ọkọ rẹ̀ ṣe àgbèrè. Kó ya olè. Kó máa jẹ gbèsè léraléra débi tí wàhálà yóò fi wọlé. Ó ní obìnrin pẹ̀lú lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ bí ọkọ bá ń fi ìyà tó burú jẹ ẹ́, bí ẹlẹ́rìí bá wà. Ẹ tún un wò dáadáa o. Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́rùn obìnrin, ẹyọ kan ló wà lọ́rùn ọkùnrin, tòun ti ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí wo ló ń sùn sínú yàrá tọkọtaya?

Kódà bí wọ́n bá tú obìnrin náà sílẹ̀, àwọn àgbà a ní a kì í ṣú opó alààyè. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, ta ni yóò fẹ́ ẹ ní gbangba? Nítorí náà ó di ilémosú, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó ń ta ọjà rẹ̀, ojú sì ń tì í.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n kò túmọ̀ sí pé obìnrin kì í lọ. Wọ́n ń lọ. Òmíràn á sá lọ sí ìlú mìíràn tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin tí ìyà bá pọ̀ jù fún a sá wọ ààfin, a di òpó ilé ọba mú, kò sì sí ọkọ tó jẹ́ wá fà á kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́ bóyá ọkọ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Òpó tó dì mú ti sọ ọ́ tán.

Òpó tuntun dé nígbà tí òyìnbó dé. Ní oṣù kẹjọ 1893 ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Adelé Gómìnà Denton, tí Rẹ́sídẹ́ǹtì òyìnbó fi jókòó tì wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti mọ̀ pé ibòmíràn tún wà tí a lè gbé ẹjọ́ lọ yàtọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ọkùnrin àti àwọn ìjòyè ti ń ráhùn sí ìjọba pé kóòtù ń ba ìyàwó àwọn jẹ́. Ìráhùn náà kò dá nǹkan dúró. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wà lára iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ níwájú wọn, obìnrin ló sì sábà máa ń pe ẹjọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni bí kóòtù yẹn ṣe ń ṣe é. Lóòótọ́, olùpẹjọ́ á ka ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ kalẹ̀. Ó lù mí, kò tọ́jú ọmọ, ìyá rẹ̀ ń bú mi. Adájọ́ á gbọ́, á bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, á ní kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá takú pé ìfẹ́ ti tán, pé òun kò ṣe mọ́, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ so ó mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé èló ni owó orí, ta ni yóò sì dá a padà? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin tuntun tó ń dúró lẹ́yìn ilé ló ń san án. Nítorí náà, ẹ̀bi kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ní kóòtù ìbílẹ̀. Owó ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀bi kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a sọ kí ọkàn lè fúyẹ́, kí aládùúgbò sì lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo burú.

Òfin tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ní 1957 ló tún kóòtù wọ̀nyí tò, tí adájọ́ tí ìjọba yàn fi wá ń jókòó ní ipò tí àwọn ìjòyè wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé sílẹ̀ ní 1976, tí wọ́n fi Mọ́níyà ṣe olú rẹ̀, ẹjọ́ ilé ọkọ ti di ohun tí ará Mọ́níyà, Ọjọ́ọ̀ àti àwọn abúlé tó yí wọn ká lè gbé lọ láì wọ mọ́tò jìnnà. Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ jọ ń lò ó ni, nítorí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ní kóòtù Ṣàríà tí ìjọba dá sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n so yìgì fún ní mọ́ṣáláṣí àti ẹni tí wọ́n kàn ṣe ìdána fún, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó ẹjọ́ wọn lọ.

Ti alárédè yàtọ̀.

Ní 1884 ni ìjọba òyìnbó ṣe òfin ìgbéyàwó fún Èkó: ọkọ kan, aya kan, òrùka, ìwé ẹ̀rí. Òfin ti 1914 wá kárí gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, ó ti bọ́ kúrò lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ ní ti ìgbéyàwó rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó san owó orí, tó ṣe ìdána, tó sì wọ aṣọ òfì lọ́jọ́ Thursday kó tó wọ kóòtù àti táì lọ́jọ́ Saturday. Àwọn aláṣejù Èkó ló kọ́kọ́ gba irú ìgbéyàwó yìí mọ́ra. Inú wọn dùn sí òrùka náà. N kò rò pé gbogbo wọn ló ka ẹ̀yìn ìwé.

Nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ìwé ni òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá sì ti ń yí i padà lọ́hùn-ún ni tiwa ń yí níhìn-ín. Òfin tí àwọn òyìnbó ṣe lọ́dún 1857 ní kí ọkùnrin tó bá fẹ́ kọ aya rẹ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ó ṣe àgbèrè, ó tó. Obìnrin ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ọkọ ṣe àgbèrè, kó tún wá nǹkan mìíràn lé e, bíi pé ó ń fìyà jẹ òun tàbí pé ó ti pa òun tì fún ọdún méjì. Ẹ ò rí i pé òyìnbó tí à ń wò bí ẹni tó wá tú obìnrin sílẹ̀, ìwọ̀n méjì ló fi ń wọn ọkùnrin àti obìnrin, bíi tàwọn àgbà tí Johnson kọ nípa wọn? Ọdún 1923 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ìwọ̀n kan náà. Ní 1937 ni wọ́n fi ìwà ìkà, ìpatì fún ọdún mẹ́ta àti wèrè tí kò gbóògùn kún un. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà: ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ mọ́. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá kàn rí i pé ẹ kò lè bá ara yín gbé mọ́, tí kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kejì, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ikú.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní 1970. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún kan náà ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé òfin tiwa jáde lórí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, Dìkírì 18 ti 1970. Òun náà la ṣì ń lò títí di òní, bó tiẹ̀ ti di Áàkìtì. Ilẹ̀ Australia la ti mú àwòṣe rẹ̀, láti inú òfin tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 1959. Bí èèyàn bá ka ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀, á rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ti tán. Òfin ní ìdí kan ṣoṣo ló wà tí a fi lè tú ìgbéyàwó ká: pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ó dáa. Báwo ni adájọ́ yóò ṣe mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe? Ibẹ̀ ni ẹ̀bi ti gba fèrèsé wọlé padà. Òfin ka àmì mẹ́jọ sílẹ̀, ó ní àfi kí olùpẹjọ́ fi ẹ̀rí gbe ọ̀kan, ó kéré tán, lẹ́sẹ̀. Pé ẹnì kejì kọ̀ jálẹ̀ láti bá òun sùn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Pé ó ṣe àgbèrè, òun kò sì lè fara da bíbá a gbé mọ́. Pé ìwà rẹ̀ burú débi tí kò bọ́gbọ́n mu kí a ní kí òun ṣì máa bá a gbé. Pé ó ti pa òun tì fún ọdún kan ó kéré tán. Pé kóòtù pàṣẹ pé kó padà sọ́dọ̀ òun, tí kò tẹ̀ lé àṣẹ náà fún ọdún kan. Pé ó ti pẹ́ tó ti sọnù, tó fi yẹ kí a kà á sí òkú. Méjì tó kù ni kò béèrè ẹ̀bi: bí wọ́n bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tí ẹnì kejì kò sì tako ìtúká, tàbí bí wọ́n bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ì báà tako ó, ì báà má tako ó.

Nípa ìwà burúkú, òfin tún là á sílẹ̀. Ọkọ tó fipá bá obìnrin lò láti ìgbà ìgbéyàwó. Ẹni tó ti sọ ọtí di oúnjẹ fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹni tó ń wọ ẹ̀wọ̀n tó ń jáde, tí kò sì fi ohun tí aya yóò jẹ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó fẹ́ pa ẹnì kejì rẹ̀ tàbí pé ó ṣe é léṣe gidi. Ẹni tí kóòtù ní kó máa san owó ìtọ́jú, tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ fún ọdún méjì.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mú ẹjọ́ yìí wá kí ìgbéyàwó tó pé ọdún méjì, àyàfi bí kóòtù bá fún un láyè, tàbí bó bá jẹ́ àwọn ẹ̀sùn kan tí òfin yọ sọ́tọ̀, bí àgbèrè.

Apá tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ti ìdáríjì. Bí ọkọ bá ṣe àgbèrè, tí aya mọ̀, tó dárí jì í, tí wọ́n sì ń bá ara wọn gbé bí ti tẹ́lẹ̀, kò lè fa ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kan náà yọ níwájú adájọ́ lẹ́yìn náà. Bó bá sì jẹ́ pé ó mọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ṣíjú kúrò, bákan náà ni. Àwọn tọkọtaya tó bá sì para pọ̀ dá ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ kí kóòtù lè tètè tú wọn ká, ẹjọ́ wọn á wó. Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣà wa, níbi tí gbogbo àgbà ti ń sọ fún obìnrin pé kó fi ọ̀rọ̀ náà mọ́nú, kó gbàgbé. Ó gbọ́ràn, ó gbàgbé, ó sì ti sọ ẹ̀rí nù. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dárí jì, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn mọ ohun tó ń gbani nímọ̀ràn sí.

Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ pé ó bá ọkọ tàbí aya ṣe àgbèrè, kóòtù gbọ́dọ̀ mú un wọ inú ẹjọ́, kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọkọ tàbí aya tí wọ́n ṣẹ̀ lè ní kó san owó ìtanràn fún òun, bí ìwà náà kò bá tíì lé ní ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó pe ẹjọ́. Èyí kò jìnnà sí nǹkan tí àwọn baba wa ń ṣe tí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ àlè.

Bí adájọ́ bá gbà pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́, àṣẹ tó kọ́kọ́ pa kì í ṣe òpin. Náísáì ni àwọn lọ́yà ń pè é. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n ó fi dúró kó tó di pátápátá, bí ọmọ kékeré bá sì wà, adájọ́ ní láti rí i pé a ti ṣètò ìtọ́jú wọn. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, tọkọtaya ṣì ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn nínú rẹ̀, ó ti kó sí wàhálà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó, ọmọ àti ilé. Nípa owó ìtọ́jú, kóòtù á wo ohun tí kálukú ní, agbára tó ní láti ṣiṣẹ́, àti ìwà kálukú. Ìwà! Ẹ̀bi tún yọjú. Nípa ọmọ, ire ọmọ ló ga jù, kì í ṣe ire bàbá tàbí ti ìyá. Èyí yàtọ̀ sí àṣà tó ní bàbá ló lọmọ, kóòtù ìbílẹ̀ òde òní náà sì ti ń wo ire ọmọ, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003 tí àwọn ìpínlẹ̀ sì ń gbà á wọlé.

Ilé ló le jù. Ní Ring Road, adájọ́ lágbára láti pín dúkìá bó bá ṣe rí i pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ló máa ń béèrè. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, ẹrù tirẹ̀ nìkan ni obìnrin sábà máa ń kó jáde. Ẹjọ́ kan dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 1992, ti obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ níṣu-lọ́kà lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, tó ní òun náà lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé tí ọkọ òun tà. Wọ́n ní kó sọ pàtó ohun tó mú wá àti bó ṣe pọ̀ tó. Kò rí i sọ bí wọ́n ṣe fẹ́, ó sì pàdánù. Èmi kò mọ ìyàwó kan tó ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tó bá ra sìmẹ́ńtì.

Àwọn tí a ti mú àwọn òfin wọ̀nyí ti lọ síwájú. Australia tí a mú àwòṣe rẹ̀ sọ tirẹ̀ nù ní 1975, wọ́n ní kí tọkọtaya kàn ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oṣù méjìlá, ó parí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn pẹ́, àmọ́ láti oṣù kẹrin 2022, kò sẹ́ni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kejì rẹ̀ níwájú adájọ́ mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwa nìkan la ṣì wọ ẹ̀wù tí alára ti bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, nǹkan tí a kò ní rò ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa: kóòtù ìbílẹ̀ tí à ń pè ní ti ayé àtijọ́ ló ń tú obìnrin sílẹ̀ láì fi ẹ̀bi dè é, ti òyìnbó tó ní lọ́yà àti wíìgì ló ṣì ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn alárédè kan fi ń sáré lọ sí kóòtù tó wà nítòsí. Ó yá, kò wọ́n, kò sí lọ́yà. Ká mú àpẹẹrẹ tí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Ọkùnrin kan ní Mọ́níyà ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tó láṣẹ, ìwé ẹ̀rí wà lábẹ́ àpótí. Ìjà dé, aya rẹ̀ lọ pe ẹjọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwé náà, wọ́n sì tú wọn ká. Aya lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkùnrin náà fẹ́ aya mìíràn. Níwájú òfin, kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára rárá lórí ìgbéyàwó alárédè, ìdájọ́ náà kò sì já nǹkankan. Tọkọtaya ni wọ́n ṣì jẹ́. Ìgbéyàwó tuntun méjèèjì kò dúró, òfin sì ní ẹni tó wà nínú alárédè tó tún fẹ́ ẹlòmíràn lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura. Lóòótọ́, wọn kì í sábà mú ẹnikẹ́ni fún un. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá kú ni ọ̀rọ̀ máa ń bẹ́, nígbà tí aya àkọ́kọ́ bá mú ìwé ẹ̀rí jáde látinú àpótí, tí aya kejì tó tọ́jú rẹ̀ lórí àìsàn kò sì ní nǹkankan lọ́wọ́.

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun wà nínú irú rẹ̀ lè tún un ṣe bí àwọn méjèèjì bá ṣì wà láyé. Kó mú ìwé ẹ̀rí náà, kó wá lọ́yà, kó lọ pe ẹjọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga. Bí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní láti ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, àmọ́ òfin lè béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe láàárín ìgbà náà, nítorí olùpẹjọ́ tó ti ń bá ẹlòmíràn gbé ní láti sọ ọ́ fún adájọ́, kó sì bẹ̀bẹ̀ pé kó fojú fò ó.